Kóńgò tí wọ́n lu ìdí ẹ̀ wọnú: bí gbogbo ọjà bá ń lò ó, ṣé kí èmi nìkan ya ara mi sọ́tọ̀?

Ọmọ_Ìyá_Alátẹ (Adó-Èkìtì), ọjọ́ Ajé, 6:12 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Ìyá mi ń ta oúnjẹ nínú ọjà kan níhìn-ín ní Adó: ìrẹsì Ìgbẹmọ, ẹ̀wà, gààrí, epo pupa. Orúnkún ló ń dà wọ́n láàmú báyìí, wọn ò lè jókòó sọ́jà láti àárọ̀ di alẹ́ mọ́, ni mo bá gba ìsọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kóńgò méjì ni mo bá lábẹ́ tábìlì. Ọ̀kan wà bó ṣe kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà á. Èkejì, wọ́n ti fi òòlù lu ìdí ẹ̀ wọnú títí ó fi wú sókè bí ìdí ìgò ọtí òyìnbó. Bí ẹ bá ti da ẹ̀wà sí i, ojú ò lè rí i mọ́. Èyí tó pé ni wọ́n fi ń ra ọjà lọ́wọ́ àwọn ará oko. Èyí tí wọ́n lù ni wọ́n fi ń tà fún oníbàárà.

Mo gbé méjèèjì lọ sórí sikéèlì ìyá ẹlẹ́ja yìnyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìrẹsì tó kún èyí tó pé wọn kílò 1.5. Ti èkejì wọn kílò 1.25.

Mo ní èmi ò ní fi tà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí tó pé wọn ọjà fún wọn, mi ò sì fi kọ́bọ̀ kan lé owó. Ọ̀sẹ̀ ò tíì yí po tí àwọn ará ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi fi lọ fẹjọ́ mi sun ìyá ẹgbẹ́ pé mò ń ba ọjà jẹ́, pé mò ń fa oníbàárà wọn. Wọ́n pè mí. Wọ́n ní ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ ń lò ni kí n lò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ n ó san owó ìtanràn. Bí mo bá tún ṣe é, wọ́n á ti ìsọ̀ mi pa. Mo délé, mo rò ó fún ìyá mi, mo ṣe bí wọ́n á gbè mí ni. Wọ́n ní: "Kóńgò yẹn ló rán ẹ nílé ìwé o, ọmọ mi. Rọra."

Ohun tí mò ń bi yín ni pé, bí gbogbo ọjà bá ń lò ó, tí oníbàárà fúnra ẹ̀ sì mọ̀, ṣé olè náà ni ṣá? Ta ló sì yẹ kó kọ́kọ́ jáwọ́?

---

Kò_Sí_Wàhálà (Ìkẹ́rẹ́), Ajé, 6:40 àárọ̀

Àbúrò, òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké. Ohun tí gbogbo ọjà bá ti fẹnu kò sí ti di ìwọ̀n nìyẹn. Bí gbogbo kóńgò ibẹ̀ bá jẹ́ 1.25, a jẹ́ pé 1.25 ni kóńgò ń jẹ́ nínú ọjà yẹn. Ẹni tó ra kóńgò kan mọ iye ẹnu tó máa jẹ ẹ́. Wọn ò tan ẹnikẹ́ni. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ti ìsọ̀ pa mọ́ ìyá ẹ lórí ni?

---

Ìyá_Oníbúkà (Adó-Èkìtì), Ajé, 7:55 àárọ̀

@Kò_Sí_Wàhálà, ó dá mi lójú pé o ò dáná fún èrò rí.

Jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Àpò ìrẹsì kan jẹ́ kílò 50. Bí wọ́n bá fi kóńgò tó pé wọ̀n ọ́n, á fún wọn ní kóńgò 33 àti díẹ̀. Bí wọ́n bá fi èyí tí wọ́n lù wọ̀n ọ́n, ó di 40. Owó kóńgò bíi méje ni wọ́n gbà lórí ìrẹsì tí kò sí níbì kankan. Èmi tí mò ń ra kóńgò mẹ́fà, márùn-ún ni mò ń gbé délé.

O ní oníbàárà mọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ń lù ú lóòótọ́, mi ò mọ bó ṣe jìn tó. Ìsọ̀ kan lù ú díẹ̀, ìsọ̀ kejì lù ú títí ó fi fẹ́ẹ̀ kan ẹnu, iye kan náà ni àwọn méjèèjì ń pè. Bó bá jẹ́ pé ohun tí gbogbo wa fẹnu kò sí ni, kí ló dé tó fi ń gbé abẹ́ tábìlì? Kí wọ́n gbé e sórí àtẹ kí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, ká jọ wo ìdí ẹ̀.

---

Ọmọ_Adó_Tòótọ́, Ajé, 8:02 àárọ̀

"Kóńgò mẹ́fà, márùn-ún ni mò ń gbé délé." Ilẹ̀ Iyì àti Ẹ̀yẹ rèé o 😂

---

Ìyá_Ìsọ̀_Iwájú (Èkìtì), Ajé, 10:30 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Ẹ ti bú wa tán. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń tajà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá.

Àpò tí wọ́n kọ kílò 50 sí lára, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n kí ẹ rí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í pé. Wọ́n ti fi irin gún un níbi tí wọ́n kó o sí, wọ́n ti fà nínú ẹ̀. Ta ni kí n lọ bá jà? Owó tíkẹ́ẹ̀tì ń bẹ, owó ilẹ̀ gbígbá ń bẹ, owó alábàárù ń bẹ, owó ẹgbẹ́ ń bẹ. Oníbàárà á wá dé. Mo pe iye, ó ní kí n gba ìdajì. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó yíjú ń lọ, mo pè é padà. Nígbà tó bá ná an débi tí èrè ti tán pátá, á tún dúró, á ní, "Ìyá, èènì mi dà?"

Ẹ ò mọ̀ pé ọjà nínà yìí ló bí kóńgò tí wọ́n lù. Owó tí o fi ẹnu gbà lọ́wọ́ mi, ìdí kóńgò ni mo fi gbà á padà. Èènì tí mo bù lé e lórí tí inú ẹ ń dùn sí, ìsàlẹ̀ ló ti wá. Mi ò sọ pé ó dára o. Mo ní bí ẹ bá ń bá wa wí, kí ẹ bá oníbàárà náà wí.

---

Ìyá_Oníbúkà, Ajé, 11:14 àárọ̀

Ìyá mi, ẹ ṣeun tí ẹ sọ tinú yín, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yìí yé mi ju gbogbo ohun tí mo ti kà níbí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ọjà ná ńkọ́? Ọmọ ilé ìwé gíga tó san iye tí ẹ pè láìjanpata, àgbàlagbà tí kò lágbára ariwo, kóńgò kan náà lẹ fi wọ̀n fún wọn. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n ná, mo ti rí díẹ̀ gbà padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ mú lára tiwọn.

---

Ìyá_Ìsọ̀_Iwájú, Ajé, 11:20 àárọ̀

Mi ò ní irọ́ pa fún ọ. Bó ṣe rí nìyẹn.

---

Ọmọ_Àgbẹ̀_Ìkọ̀lé, Ajé, 1:47 ọ̀sán

Gbogbo yín ti gbàgbé ẹnì kan. Ará oko ńkọ́?

Ọmọ_Ìyá_Alátẹ ní kóńgò tó pé ni ìyá òun fi ń ra ọjà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ẹ, torí àwọn alájàpá kan wà tó ń gbé kóńgò tí wọ́n lu ìdí ẹ̀ síta wá bá wa. Ìdí á yọ ikùn, wọ́n á wá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀ kó má baà máa mì. Bí wọ́n bá bu gààrí sí i, kì í tètè kún. Òun kan náà ni wọ́n á tún gbé pamọ́ tí wọ́n bá délé, wọ́n á mú òmíràn tí wọ́n lù wọnú fi ta á fún yín. Òkè òun ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́.

Ti kòkó tún burú jùyẹn lọ, ilé kòkó sì ni wọ́n ti bí mi. Nígbà Marketing Board, àjọ ìjọba tó ń ra irè oko (1947 ni wọ́n dá ti kòkó sílẹ̀, 1986 ni ìjọba tú wọn ká), àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ kòkó wò wà. Bàbá mi máa ń sọ pé wọ́n á mú kóró díẹ̀ nínú àpò, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé e sí méjì, wọ́n á wo èyí tó bu, wọ́n á wo èyí tí kòkòrò ti jẹ, kí wọ́n tó sọ gíréèdì ẹ̀. Kòkó tí kò gbẹ dáadáa, wọn ò ní gbà á. Mi ò sọ pé áńgẹ́lì ni Board o. Wọ́n ra kòkó lọ́wọ́ àwọn bàbá wa ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n tà á lókè òkun ní owó gidi, ìjọba sì ná èyí tó kù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú u ká, ẹni tó bá ti lówó tó sì ní ìwọ̀n ló lè dúró sí ẹnu ọ̀nà oko ẹ. Wọ́n ń du kòkó mọ́ ara wọn lọ́wọ́, bó tutù bó gbẹ, iye kan náà. Ìwọ̀n wọn ò sì pé. Àgbẹ̀ tó rí i pé kò sí ẹni tó ń san owó lé kòkó tó dára, kí ló fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀ nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún, mẹ́fà sí? Kí ló fẹ́ sá a dọ́jọ́ tó yẹ sí? Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í da òkúta mọ́ ọn. Àwọn tó ń rà á lókè òkun ló wá ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń yọ owó lórí kòkó Nàìjíríà.

Ohun tí ìwọ̀n èké ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa kò ní rí ìdí tó fi yẹ kó máa ṣe é lọ.

---

Ọmọ_Ìfàkì_ní_Tòróǹtò, Ajé, 3:09 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ yín ń ṣe mí láàánú. Níbi tí mo wà yìí, irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀. Òyìnbó kì í rẹ́ ẹ jẹ. Èèyàn dúdú ni ìṣòro ara ẹ̀.

---

Olùkọ́_Àkáǹtì (Adó-Èkìtì), Ajé, 5:31 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n wa ní Tòróǹtò, ẹ rọra o.

Ní 2015, àṣírí Volkswagen tú ní Amẹ́ríkà. Ètò kan ni wọ́n fi sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Bí ọkọ̀ náà bá ti fura pé orí ẹ̀rọ àyẹ̀wò lòun wà, á dín èéfín olóró kù, á máa ṣe bí ọmọlúàbí. Bó bá ti bọ́ sójú títì, á tú gbogbo ẹ̀ dà sí wa nímú. Ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 11 ló ní in nínú káàkiri ayé. Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, àwọn tó sì ṣe é kàwé ju gbogbo wa lọ. Kóńgò méjì náà nìyẹn: ọ̀kan fún ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀kan fún oníbàárà.

Ohun tó yàtọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe awọ ara. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tún un wọ̀n. Àwọn olùwádìí ní ilé ìwé gíga West Virginia gbé ẹ̀rọ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n wà á lọ sójú títì gan-an, wọ́n rí i pé ohun tó ń tú jáde níbẹ̀ kò bá ti orí ẹ̀rọ àyẹ̀wò mu. Ìjọba gbà á lọ́wọ́ wọn, iléeṣẹ́ náà sì san owó ìtanràn tó tó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù dọ́là, àwọn ọ̀gá kan ṣẹ̀wọ̀n. Ta ló ń tún kóńgò wọ̀n ní ọjà wa? Ìyá ẹlẹ́ja yìnyín nìkan ni mo rí nínú ìtàn yìí.

Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kò sí ọjọ́ tí wọ́n máa sọ fún wọn lẹ́nu iṣẹ́ pé kí wọ́n jalè. "Ṣá a tún ìwé yìí tò kí owó ọdún yìí lè jọ ti èṣí," bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá á ní bí gbogbo iléeṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n á ní láti tún un tò, kí ti èṣí má baà tú.

---

Bàbá_Àgbà_Ọ̀yẹ́, Ajé, 8:16 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, lójú ọ̀nà oko, àwọn ìyá máa ń kó iṣu, ọsàn àti ata sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ sójú ẹ̀ láti fi iye ẹ̀ hàn, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ á mú, á fi owó sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n á wá kó owó wọn. Ẹnikẹ́ni kì í jí i. Uyán ìgbà yẹn pàápàá ń dùn ju ti ìsinsìnyí lọ.

---

Kò_Sí_Wàhálà, Ajé, 8:21 alẹ́

Bàbá wa, ẹ ò mẹ́nu kan ààlè tí wọ́n so sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ 😂 Ta ló fẹ́ mú iṣu kí ikùn ẹ̀ wú?

---

Bàbá_Àgbà_Ọ̀yẹ́, Ajé, 8:40 alẹ́

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ, ààlè wà. Ìyẹn ni ọlọ́pàá tiwa nígbà yẹn. Bó bá jẹ́ ìwà rere nìkan la gbára lé, kí la fẹ́ fi ààlè ṣe? Ẹ wá ohun tó máa dúró ní ipò ẹ̀.

---

Lọ́yà_Kékeré (Adó-Èkìtì), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:22 àárọ̀

Ohun tí bàbá ń wá wà nínú ìwé, ó kàn jẹ́ pé a kì í lò ó ni.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín nínú ìwé òfin 1999, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀. Ẹ̀ka kan wà ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìṣòwò tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti yẹ ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n wò. Kílò àti lítà ni òfin mọ̀.

Òfin kejì ni èyí tó dá FCCPC sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, tí wọ́n ń pè ní òfin ọdún 2018 bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ 2019 ni ààrẹ fọwọ́ sí i. Ó dáàbò bo oníbàárà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó bá tàn án. Apá tó kan àbúrò wa yìí gan-an ni pé òfin náà lòdì sí kí àwọn tó ń bá ara wọn dije panupọ̀ dá iye kan lé ọjà tàbí kí wọ́n dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti bá wọn dije, ó sì ka ìpinnu ẹgbẹ́ oníṣòwò mọ́ ọn. Nítorí náà, kóńgò tí wọ́n lù, ẹ̀ṣẹ̀ kan nìyẹn. Ìtanràn tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò lò ó, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ni. Lójú tèmi, èyí kejì yìí ló wúwo jù. Ẹni tó ń tanni jẹ lè jáwọ́ lọ́la. Ẹgbẹ́ tó ń fìyà jẹ ẹni tó jáwọ́, wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ láéláé.

Àbúrò, èmi ò ní sọ pé kí o sáré lọ sí kóòtù. Ìyá ẹ ṣì máa lọ sí ìsìnkú pẹ̀lú àwọn èèyàn yìí. Bá ìyá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ìrọ̀lẹ́, nílé wọn, má ṣe é lójú ọjà. Sọ fún wọn pé kílò lo fẹ́ máa tà, pé o ò pè é ní kóńgò. Kí wọ́n wá sọ òfin ẹgbẹ́ tó sọ pé èèyàn ò gbọdọ̀ ta kílò.

---

Ọmọ_Ìyá_Alátẹ, Ìṣẹ́gun, 9:05 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Ọ̀rọ̀ kílò yìí ò wá sí mi lọ́kàn rárá.

---

Nọ́ọ̀sì_Ìlawẹ̀, Ìṣẹ́gun, 12:50 ọ̀sán

Ẹnikẹ́ni ò bi àbúrò wa léèrè epo pupa. Ibo lo ti ń rà á? Ṣé o mọ ohun tó wà nínú ẹ̀?

Mo bi ọ́ torí pé kóńgò tí kò pé, owó ló ń jẹ, ṣùgbọ́n epo tí wọ́n po nǹkan mọ́, ara ló ń jẹ. Àwọn kan ń po Sudan IV, àwọ̀ kan tí kì í ṣe ti oúnjẹ, mọ́ epo kó lè pọ́n dáadáa. Ní 2015, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ ní Gánà rí i nínú epo tí wọ́n kó láti ọjà wọn, NAFDAC náà sì ti kìlọ̀ nípa ẹ̀ níbí. Wọ́n fura pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Ẹ̀wà náà nìyẹn, tí àwọn kan ń fọ́n oògùn apakòkòrò sí kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ìyẹn wà lára ìdí tí NAFDAC fi fòfin de ìgò kékeré Sniper, ọ̀kan lára oògùn apakòkòrò yẹn, ní 2019.

---

Ọmọ_Ìyá_Alátẹ, Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Ọwọ́ alájàpá kan la ti ń rà á, ma, nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Bí mo ṣe rà á ni mo ṣe ń tà á, mi ò fi nǹkan kan kún un. Bí wọ́n bá po nǹkan mọ́ ọn lókè lọ́hùn-ún, ṣé ó kàn mí ni?

---

Nọ́ọ̀sì_Ìlawẹ̀, Ìṣẹ́gun, 2:38 ọ̀sán

Ó kàn ẹ́, ọmọ mi. Mi ò fi bú ọ o.

Ṣé o rántí My Pikin? Ìparí ọdún 2008 ni, o lè kéré nígbà yẹn. Oògùn olómi tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yọ eyín ni. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ní Èkó ra ohun èlò kan lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ. Wọ́n rò pé propylene glycol ni, èyí tí wọ́n fi ń po oògùn. Diethylene glycol ló wà nínú ẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì. Ó ba kíndìnrín àwọn ọmọ náà jẹ́, wọn ò lè tọ̀ mọ́. Ọmọ 84 ló kú. Iléeṣẹ́ yẹn ò gbèrò àtipa ọmọ kankan. "Bí a ṣe rà á la ṣe lò ó" ni tiwọn náà. Wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ní 2013 ilé ẹjọ́ rán méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje-méje.

Ẹ wá wo ti Tylenol ní Chicago ní 1982. Ọ̀daràn kan ló fi májèlé sínú ìgò oògùn lórí àtẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ènìyàn méje kú. Iléeṣẹ́ tó ṣe oògùn náà ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n kó gbogbo ẹ̀ kúrò lọ́jà, ìgò tó tó mílíọ̀nù 31, kí wọ́n tó mọ ẹni tó ṣe é. Títí dòní wọn ò tíì mọ ẹni náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rá tí wọ́n ń fi dí ẹnu ìgò oògùn lónìí ti wá di nǹkan tí gbogbo wọn ń lò.

Ìwọ ò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n o lè lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fún epo náà. Àwọn tó ń fún epo pọ̀ káàkiri Èkìtì, o ò ní láti dúró de alájàpá. Fi ojú ara ẹ rí i bó ṣe ń jáde. Epo tó kàn ń pọ́n lójú lásán tó sì rọjú jù, bi ara ẹ léèrè.

---

Ọmọ_Àgbẹ̀_Ìkọ̀lé, Ìṣẹ́gun, 2:59 ọ̀sán

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Àbúrò, bí o bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń fún epo ní agbègbè tiwa, fi ìwé ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.

---

Kò_Sí_Wàhálà, Ìṣẹ́gun, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Gbogbo ẹ̀ dára. Ẹ kàn ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọlọ́jà kékeré ló ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ayé. Ilé epo tí mítà wọn ń sáré ju epo lọ ńkọ́? Láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo, bí wọ́n bá yọ ife kan lórí lítà mẹ́wàá, owó gidi ni. Ẹ kọ́kọ́ lọ mú àwọn yẹn.

---

Lọ́yà_Kékeré, Ìṣẹ́gun, 6:33 ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ ni, ó yẹ kí wọ́n mú wọn. Kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá tó pé ni wọ́n fi ń yẹ mítà wò, o sì lè ní kí wọ́n fa epo sí i lójú ẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kí ọlọ́jà dúró títí wọ́n á fi mú ilé epo, ilé epo náà á ní òun ń dúró de ẹni tó wà lókè òun. Ìyá_Ìsọ̀_Iwájú ní àpò tí òun rà kò pé. Ẹni tó ta àpò fún wọn náà ní ìtàn tiẹ̀, ẹ bi í.

---

Ọmọ_Ìyá_Alátẹ, ọjọ́ Ẹtì, 9:18 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo lọ sílé ìyá ẹgbẹ́ bí Lọ́yà ṣe wí, mo mú ọsàn dání. Wọ́n kọ́kọ́ le mọ́ mi. Mo ní màámi, mi ò bá yín du kóńgò mọ́, kílò ni mo fẹ́ máa tà, n ó kọ iye ẹ̀ sára pátákó. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní ṣé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló rán mi ni. Mo ní rárá. Nígbà tó yá wọ́n ní kò sí ẹni tó tíì tanràn ẹni tó ń ta kílò rí, pé àwọn ẹlẹ́ja yìnyín ń tà á. Wọn ò gba tèmi tán o. Wọ́n ní bí èdè àìyedè bá bẹ́ sílẹ̀ nínú ọjà, àwọn ò sí níbẹ̀. Ti ìtanràn, wọn ò mẹ́nu kàn án mọ́.

Mo ra sikéèlì àlòkù. Ọjọ́ kejì ni mo gbé e jáde, ọjà ò sì yá rárá. Mo fi díẹ̀ lé owó, torí n kò lè ta ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ní iye èyí tí kò pé, èrè ò ní sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn dé, wọ́n béèrè kóńgò, mo ní kílò ni, wọ́n ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ọkùnrin kan dúró, ó ní kí n wọn kílò mẹ́ta, ó tẹ fóònù ẹ̀ fi ṣe ìṣirò, ó ní, "Háà, ó tiẹ̀ rọjú ju tọ̀hún lọ." Ó sì rọjú lóòótọ́, díẹ̀. Ìyá mi wá wò mí lọ́sàn-án pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Wọ́n wo sikéèlì, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní kí n ṣáà má jẹ́ kí owó tí wọ́n fi ra ọjà run. Kóńgò kejì ṣì wà lábẹ́ tábìlì, wọn ò jẹ́ kí n sọ ọ́ nù.

Epo ṣì wà nílẹ̀. Mò ń bọ̀ ní Ìkọ̀lé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

---

Kò_Sí_Wàhálà, Ẹtì, 9:25 alẹ́

Mo sọ fún ọ pé ó máa kùtà 😏

---

Ìyá_Ìsọ̀_Iwájú, Ẹtì, 9:44 alẹ́

Dá a lóhùn pé oṣù kan ò tíì pé. Ọmọ mi, gbé pátákó ẹ síwájú níbi tí àwọn tó ń kọjá ti lè kà á, kí o kọ ọ́ gàdàgbà. Kọ iye kílò kan, kí o sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "kóńgò tó pé jẹ́ kílò kan àbọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan á ṣiṣẹ́. Wọ́n á bú ọ o.

---

Ìyá_Oníbúkà, Ẹtì, 10:02 alẹ́

Kílò ogún ìrẹsì, kílò mẹ́wàá ẹ̀wà. Mò ń bọ̀ lọ́la, Sátidé, kí aago mẹ́jọ tó lù. Èènì mi ńkọ́?

---

Ọmọ_Ìyá_Alátẹ, Ẹtì, 10:06 alẹ́

Èènì wà, ma. Orí sikéèlì náà ni n ó gbé e lé, kí ẹ fojú ara yín rí i.